Ìyàwó Tó Wa Ọkọ̀ Kìíyẹ̀

Kìíyẹ̀ kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn tó ń fi mọ́tò sáré ní ọjọ́ Sátidé ló fún un, nítorí pé ohun tó bá ti sọ pé ọkọ̀ òun yóò ṣe, ohun náà gan-an ni ọkọ̀ yóò ṣe. Kì í yẹ̀. Orúkọ náà bá a dé ibi iṣẹ́, níbi tó ti ń wa bọ́ọ̀sì tó ń kó ọmọ lọ síléèwé, débi pé àwọn ọmọ ọ̀hún kò mọ̀ pé ó ní òmíràn. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kì í pè é bẹ́ẹ̀. Bàbá Ìbejì ló ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìbejì náà ti relé ọkọ, wọ́n sì ti kó jìnnà.

Ẹni tí kò bá mọ eré yìí yóò rò pé ẹni tó bá yára jù ló ń borí. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Orí pápá ọkọ̀ òfúrufú kan tí wọ́n ti pa tì ni wọ́n ti ń sá a. Kí ọkọ̀ méjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, awakọ̀ kọ̀ọ̀kan á ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye àkókò tí ọkọ̀ tirẹ̀ yóò lò sára gíláàsì. Wọn á kọ́kọ́ tú èyí tó lọ́ra sílẹ̀, èyí tó yára á tẹ̀ lé e, kí àwọn méjèèjì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ dé òpin. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló borí, àmọ́ bó bá fi bíńtín yára ju ohun tó kọ lọ, ó ti pàdánù. Torí náà, ọkọ̀ jákujàku lè na ọkọ̀ tuntun tó ń dán gbinrin, bí ẹni tó ń wà á bá ti mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Kìíyẹ̀ máa ń sọ fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé, "Eré kọ́ là ń sá níbí. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa là ń ṣọ́."

Ọkọ̀ tirẹ̀ ti gbó. Àwọ̀ ewé ni, oòrùn sì ti jẹ àwọ̀ náà títí tó fi dà bí ewé tó ti ń rọ. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan kì í ṣí àfi téèyàn bá kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ mọ́ ju abọ́ ìjẹun àwọn ẹlòmíràn lọ. Iye epo kan náà ni Kìíyẹ̀ máa ń bù sí i, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ kan náà ló máa ń fẹ́ sí táyà, bàtà kan náà ló ń wọ̀. Bí wọ́n bá sáré tán, á ṣí bóńẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, á jẹ́ kó tutù dáadáa, kò sì sẹ́ni tó lè kán an lójú.

Ìdajì orúkọ yẹn, ti ìyàwó rẹ̀ ni. Aránṣọ ni obìnrin náà. Òun ló máa ń dúró níwájú ọkọ̀ lẹ́bàá ìlà, tó máa ń fi ọwọ́ pè é síwájú díẹ̀díẹ̀, tí yóò wá na àtẹ́lẹwọ́ bí táyà bá ti dé ibi tó yẹ kó dé. Òun náà ló ń wo ojú ọjọ́. Bí ooru bá mú, ẹ́ńjìnnì á wúwo. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù, á yá. Á gbé ojú sókè, á ní, "Bàbá Ìbejì, ó ti ń tutù. Ẹ dín in kù." Kìíyẹ̀ á nu ohun tó kọ́kọ́ kọ, á dín in kù. Kò bi í rí pé báwo ló ṣe mọ̀.

Kìíyẹ̀ ní àbúrò kan tí òun náà ń sáré. Ọkọ̀ pupa ni tirẹ̀, bó bá sì ti gbéra, etí gbogbo èèyàn á di. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí Sátidé tí kì í kọ́kọ́ dé òpin, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí kì í pàdánù, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbọ́ràn sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kọ.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí lọ́jọ́ kan, "ṣé kì í wù yín kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ dópin?"

"Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ dópin. Òpin tèmi ni mo mọ̀. Ìwọ ò tíì rí tìẹ."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí tí ó fi jókòó sílẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí Sátidé sì ń dùn.

Nígbà tó yá, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Iná tó ń tú wọn sílẹ̀ á tàn, ọkọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti lọ, Kìíyẹ̀ á ṣì dúró bí ẹni tí wọ́n pè tí kò gbọ́. Bó bá sì gbéra tán, yóò pẹ́ kó tó yí gíà. Ohun tó kọ sára gíláàsì àti ohun tí pátákó oníná tó wà lópin ọ̀nà ń sọ kò bára mu mọ́. Ọ̀sẹ̀ yìí á lọ́ra, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á tún lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ ló kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ó tú gíà palẹ̀, ó tún un tò. Ó pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì. Ó pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì, ó ní àwọn tó rà kẹ́yìn kì í ṣe ojúlówó. Ó bọ́ bàtà tó ti ń wọ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, ó ra òmíràn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ kò gbè é, ó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ó lè ṣe láéláé: ó ní kí àbúrò rẹ̀ wá bá òun fi kún agbára ẹ́ńjìnnì náà.

"Bí mo bá ń pẹ́ níbẹ̀rẹ̀," ló wí, "àfi kí n lé e bá lójú ọ̀nà."

Àbúrò rẹ̀ wò ó, ó wo aránṣọ. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ̀rọ̀ yìí?"

Wọ́n fi kún un. Ọkọ̀ yára lóòótọ́, àmọ́ ó wá di ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Lọ́jọ́ kan á yára ju ohun tó kọ lọ, wọn á lé e dànù. Lọ́jọ́ kejì á lọ́ra, wọn á nà án. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ó-ti-yẹ̀. Ó gbọ́, ó sì bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò jẹun nígbà tó délé.

Ìyàwó rẹ̀ ti ń rí ohun mìíràn. Lọ́jọ́ kan, ó ń wọn ṣòkòtò fún un nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní kó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ sílẹ̀. Ti òsì rọ̀. Ti ọ̀tún dì mọ́ ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó há nǹkan mọ́ abíyá. Nígbà tó fi ìdí téèpù sí i lọ́wọ́ pé kó bá òun dì í mú, téèpù náà ń gbọ̀n. Ó wò ó láti ẹsẹ̀ dé orí. Ọkọ rẹ̀ ń wo ojú títì, kò mọ̀ pé ọwọ́ òun ń gbọ̀n. Aránṣọ kọ iye gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì rí i pé kò bá ti àtijọ́ mu mọ́, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń rí i níbi gbogbo. Ó ń rí i nídìí bọ́tìnnì tó ń pẹ́ kó tó dè. Ó ń rí i nínú ìrìn rẹ̀, tí ẹsẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀ lójú ọ̀nà ilé ìdáná. Ó gbà á ládùúrà, kò lọ. Ó wá lọ bá àbúrò ọkọ rẹ̀.

"Ọkọ mi kékeré," ló wí, "ẹ dá agbára ẹ́ńjìnnì yẹn padà sí bó ṣe wà. Tó bá di Sátidé, kẹ́ ẹ bá wa wà á wò."

"Ẹ̀gbọ́n ò ní gbà."

"Èmi ni mo máa bẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣáà wà á bó ṣe máa ń wà á. Ẹ máà bá a fi tiyín kún un. Mo bẹ̀ yín."

Ọkùnrin tí kò lè ṣe é fún ara rẹ̀ rí, ó ṣe é lọ́jọ́ Sátidé náà nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gbéra bí iná ṣe tàn, ó yí gíà níbi tó yẹ, kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ òun wúwo. Pátákó sọ iye tí ọkọ̀ náà máa ń sá láyé àtijọ́. Wọ́n jẹ́ kó tutù, ó tún lọ. Iye kan náà ni. Ó lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ pé Kìíyẹ̀ ti padà dé.

Kìíyẹ̀ fúnra rẹ̀ dúró létí wáyà ọgbà, ó gbé akoto tó máa ń dé sáré há mọ́ abíyá. Kò pàtẹ́wọ́. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ń fi ìka nu ekuru tí kò sí lára bóńẹ́ẹ̀tì.

"Ọkọ̀ náà ò ṣe nǹkan kan," ni Kìíyẹ̀ wí.

Àbúrò rẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, bóyá ojú ọjọ́ òní ló dáa."

"Ọkọ̀ náà ò ṣe nǹkan kan," ló tún wí. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "O ti mọ̀ tipẹ́."

Aránṣọ kò lè purọ́ fún un. "Mo ti mọ̀, Bàbá Ìbejì."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹnu mi ni ò gbà á."

Wọ́n wakọ̀ lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀ ló wà á. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkọ rẹ̀ jókòó sí apá ibi tí obìnrin náà máa ń jókòó sí.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní kó na ìka, kó pa á dé, kó rìn lọ sídìí ògiri kó sì rìn padà. Ó ní àìsàn kan ni tó máa ń mú kí ọpọlọ pẹ́ kó tó ránṣẹ́ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Oògùn wà tó lè mú un rọlẹ̀, àmọ́ kò sí èyí tó lè lé e lọ. Kìíyẹ̀ béèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé òun ṣì lè wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ? Dókítà bojú wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Kìíyẹ̀ ní, "Ẹ ṣé, sà. Mo ti gbọ́."

Fúnra rẹ̀ ló lọ dá kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì padà fún ọ̀gá iléèwé. Ọ̀gá ní kó ṣe é dé òpin ọ̀sẹ̀, kí wọ́n lè wá ẹlòmíràn. Ó kọ̀. Ó ní bí ọmọ kan bá sọdá níwájú òun ńkọ́? Ó fi ẹsẹ̀ rìn délé lọ́jọ́ náà, ó jókòó sínú ọkọ̀ tó wà lábẹ́ òrùlé gáréèjì, ó di sítíárì mú. Ìyàwó rẹ̀ rí i láti ojú fèrèsé ilé ìdáná. Ó gbé ọbẹ̀ kúrò lórí iná, ó lọ sí yàrá, ó fi aṣọ tó ń rán lọ́wọ́ bo ẹnu, kí ọkọ rẹ̀ má baà gbọ́ ẹkún òun.

Kìíyẹ̀ ló mú àbá náà wá. Wọ́n ń mu tíì ni. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ife mú, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ìwọ ni kó o máa wà á."

"Ta? Èmi?"

"Ìwọ. Ta ló tún mọ̀ ọ́n?"

"Láti ibí dé ibi tí wọ́n ti ń ta aṣọ ni mo mọ̀ ọ́n wà dé."

"Ẹsẹ̀ tó ń tẹ máṣíìnì, tó ń rán ọrùn aṣọ láì yà, kò lè sọnù lórí kílọ́ọ̀ṣì. Èmi á máa dúró níwájú. Èmi á máa pè ọ́ sórí ìlà."

Bó ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, lójú ọ̀nà tí ó dá páropáro lẹ́yìn ilé iṣẹ́ bíríkì, Kìíyẹ̀ á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á di ojú, á máa fi etí gbọ́ ẹ́ńjìnnì. "Ní báyìí," á wí. Obìnrin náà á yí gíà. "O ti pẹ́ díẹ̀. Tún un ṣe." Ó ń tún un ṣe títí tí ọkọ rẹ̀ kò fi ní láti sọ̀rọ̀ mọ́. Inú wọn dùn ní àkókò yẹn. Wọ́n tún ń bára wọn jiyàn nípa ojú ọjọ́ bíi ti àtijọ́, ó sì máa ń gbàgbé ọwọ́ rẹ̀ fún wákàtí kan.

Ọjọ́ tí wọ́n jọ kọ́kọ́ lọ sáré pọ̀, gbogbo pápá ló wá wò wọ́n. Aránṣọ dé akoto ọkọ rẹ̀, ó fi gèlè kékeré dí inú rẹ̀ nítorí pé ó tóbi fún un. Kìíyẹ̀ lọ dúró níwájú, níbi tí obìnrin náà ti máa ń dúró. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń pè é. Ọkọ̀ wá, díẹ̀díẹ̀. Ó wá. Nígbà tó yẹ kó na àtẹ́lẹwọ́ pé kó dúró, ó nà án lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Síwá sẹ́yìn ló ń mì. Láti inú ọkọ̀, bí ọwọ́ tó ń pe èèyàn ló rí. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ó ṣì ń pe òun, ó sún síwájú, táyà kọjá ìlà, iná pupa tàn. Eré parí kó tó bẹ̀rẹ̀.

Kìíyẹ̀ kò gbé ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn.

"Ẹsẹ̀ mi ló yọ̀ lórí bíréèkì," ni ìyàwó rẹ̀ sọ nígbà tí wọ́n padà sẹ́yìn.

"Ẹsẹ̀ rẹ kì í yọ̀."

"Ó yọ̀ lónìí."

"Má purọ́ fún mi, Ìyá Ìbejì. Bóyá mò ń pè ọ́ tàbí mò ń dá ọ dúró, ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Ìyàwó rẹ̀ ṣí akoto, ó gbé e lé itan.

Láti ìgbà náà, Kìíyẹ̀ kò lọ sí pápá mọ́. Ó ní atẹ́gùn ibẹ̀ kò bá òun lára mu. Àbúrò rẹ̀ ló ń bá ìyàwó rẹ̀ lọ, òun ló sì ń dúró níwájú ọkọ̀. Kìíyẹ̀ ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Bí obìnrin náà bá ní òun yóò dúró tì í nílé, inú á bí i. Á ní, "Ṣé nítorí tèmi ni ọkọ̀ náà ò ṣe ní sáré mọ́? Ó ti gbójú lé ọ." Aránṣọ á lọ, á máa wo fóònù rẹ̀ láàárín eré kan sí èkejì.

Ó sì wá di pé eré náà ń dùn mọ́ ọn. Èyí ni kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá ti wọ inú ọkọ̀, tí bẹ́líìtì dè é mọ́ àga, kò sí oògùn, kò sí ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀, kò sí ọbẹ̀ tó ń dà sáyà aṣọ. Iná àti gíà nìkan ló wà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ara rẹ̀ máa ń yá gágá bó bá ń padà bọ̀, tí yóò wá rántí, tí yóò sì máa bá ara rẹ̀ jà títí dé ẹnu ọ̀nà ilé.

Sátidé kan, ó na gbogbo wọn. Ọkọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń kọ iye rẹ̀, ó sì ń sá iye tó kọ. Nígbà tó kù sí òun àti ẹnì kan ṣoṣo, tí onítọ̀hún ní ọkọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìlọ́po méjì yára ju tirẹ̀ lọ, ó gbé ojú sókè, ó rí i pé afẹ́fẹ́ ń tutù. Ó dín in kù. Wọ́n jọ dé òpin bí ẹni tí wọ́n so pọ̀. Onítọ̀hún ló kọ́kọ́ kọjá, àmọ́ ó ti yára ju ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ. Wọ́n gbé ife ẹ̀yẹ fún aránṣọ. Àbúrò ọkọ rẹ̀ gbé obìnrin náà sókè bí ọmọdé. Wọ́n ní kó dúró kí wọ́n ya fọ́tò, ó dúró. Wọ́n ní kó bá wọn mu nǹkan tútù, ó bá wọn mu ún. Kò wo fóònù.

Nígbà tó délé, ó pe ọkọ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, kò gbọ́ ìdáhùn. Ó bá a ní balùwẹ̀. Kìíyẹ̀ ti ṣubú láti ọ̀sán, ara rẹ̀ há sáàárín ìkòkò ìgbọ̀nsẹ̀ àti ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọ́ iṣẹ́ tó ń rán an mọ́. Omi tó dà sílẹ̀ ti gbẹ lára aṣọ rẹ̀. Fóònù wà ní pálọ̀, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè dé.

Ó jókòó sórí ilẹ̀ balùwẹ̀ náà, ó gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan. Ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń pe ara rẹ̀ lórúkọ tí kò dáa. Kìíyẹ̀ ní kó dákẹ́. Ohùn rẹ̀ ti gbẹ.

"Kí ló sá?" ló bi í.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní kí ló sá?"

Ó sọ iye náà fún un.

"Kí lo kọ?"

"Ohun náà ni mo kọ."

"Ní gbogbo ẹ̀?"

"Ní gbogbo ẹ̀. Àwa la gba ife."

Ojú Kìíyẹ̀ wá kún fún omi. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ibi tó fi ṣubú ló ń ro ó, ó fẹ́ gbé e, ọkọ rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. "Jẹ́ kí n sọ ọ́," ló wí. "Ó dùn mọ́ mi, ó sì dùn mí. Mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì." Ó sunkún bí kò ṣe sunkún lọ́dọ̀ dókítà, bí kò ṣe sunkún nígbà tó ń dá kọ́kọ́rọ́ padà. Obìnrin náà bá a sun ún. Nígbà tí ó sú wọn, ó pe àbúrò ọkọ rẹ̀, wọ́n jọ gbé e dìde.

Aránṣọ kò sáré mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Kìíyẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó bá a jà, ó tilẹ̀ fi odindi ọjọ́ kan yarí pé òun kò ní jẹun. Kò gbà. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló wá ń wa ọkọ̀ aláwọ̀ ewé náà báyìí. Ó ta ti pupa. Wọ́n ní ó ti rí òpin tirẹ̀, pé ohun tó bá kọ ni ó ń sá, àmọ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní Kìíyẹ̀. Ó ní ẹni tó ni orúkọ náà ṣì wà láyé.

Ó wà lóòótọ́. Inú ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀ ló máa ń jókòó sí lọ́sàn-án, lórí àga tó ní ìrọ̀rí, pẹ̀lú aṣọ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ débi pé ìyàwó rẹ̀ ní láti dá máṣíìnì dúró kó tó gbọ́ ọ. Bí Sátidé bá dé, tí atẹ́gùn bá fẹ́ wá láti apá ibi tí pápá wà, wọ́n máa ń gbọ́ ìró àwọn mọ́tò náà, bíi kòkòrò tó há sínú ìgò. Lọ́jọ́ kan, aránṣọ dìde, ó fẹ́ ti fèrèsé.

"Fi sílẹ̀," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Ó fi sílẹ̀. Ó padà sídìí máṣíìnì, àmọ́ kò tẹ̀ ẹ́. Ó jókòó síbẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tó ń gbọ̀n, títí tí pápá náà fi dákẹ́.